Òṣìṣẹ́ ìlera tó ti rẹ̀: báwo lèèyàn ṣe ń mọ irú àárẹ̀ tó jẹ́, kí sì ni ṣíṣe?

Olùṣọ́_Òru
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé ìwòsàn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Bí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà bá ti sọ pé ó rẹ òun, èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún un: "Lọ sinmi." Ẹlòmíì á sinmi, ara rẹ̀ á sì yá. Ẹlòmíì á gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì, á padà síbi iṣẹ́, kó tó di ọjọ́ kejì ó ti tún rẹ̀ ẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó jọ pé orúkọ kan ṣoṣo la ń fi pe nǹkan mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, ẹ bá wa là á yé: báwo lèèyàn ṣe máa dá èyí tó ń ṣe é mọ̀, kí ló sì yẹ kó ṣe sí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹ jọ̀ọ́, kó má mọ sórí "ẹ fọkàn balẹ̀" nìkan. Ohun téèyàn lè fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni mò ń wá.

Onímọ̀_Ọkàn
Ìbéèrè gidi nìyẹn. Mẹ́rin ni mo máa ń pín in sí, torí ohun tó ń wo ọ̀kan kì í wo èkejì.

Àìsùntó ni àkọ́kọ́. Òun ló wọ́pọ̀ jù, òun ló sì rọrùn jù láti wò. Bí ẹni tí àìsùntó ń bá fínra bá rí oorun tó jinlẹ̀ sùn ní òru méjì tàbí mẹ́ta léraléra, ara rẹ̀ á bọ̀ sípò, nǹkan á sì tún máa wù ú í ṣe.

Èkejì ni èyí tí wọ́n ń pè ní burnout. Herbert Freudenberger kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1974. Lọ́dún 1981, Christina Maslach àti Susan Jackson gbé ìbéèrè 22 jáde tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nínú ICD-11, ìwé tó to orúkọ àwọn àìsàn, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní January 2022, wọn ò kà á sí àìsàn. Ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni wọ́n kà á sí. Nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ jẹ́ ẹ: àárẹ̀ tó ń gbẹ ara àti ọkàn, ọkàn tó ti yigbì sí iṣẹ́ àtàwọn tá à ń tọ́jú, àti èrò pé gbogbo ohun tí mò ń ṣe kò já mọ́ nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ rí ìkejì yẹn láìfi ìwé wọ̀n ọ́n, ẹ tẹ́tí sí bí wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí àwọn kan bá ń lọ tí àwọn míì ń bọ̀. Ẹni tó máa ń sọ pé "Màmá tó ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ yẹn" ti wá ń sọ pé "bẹ́ẹ̀dì 4." Kì í ṣe pé èèyàn burúkú ni, ọkàn rẹ̀ ló ń sá fún ohun tó ti wúwo jù fún un.

Ẹ̀kẹta ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Àìsàn nìyẹn, ó sì ní ìtọ́jú. Burnout sábà máa ń fúyẹ́ bí èèyàn bá kúrò níbi iṣẹ́, àmọ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń báni délé, ó ń báni dé ibi ayẹyẹ, ó ń bá èèyàn jí ní ìdájí. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tí nǹkan kan ò wu èèyàn mọ́ tàbí tí inú rẹ̀ ń bà jẹ́ ní ọ̀pọ̀ jù lọ ọjọ́, tí oúnjẹ àti oorun ti dàrú, tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi ṣáá, kó má dúró de àkókò ìsinmi. Kó lọ rí dókítà.

Ẹ̀kẹrin làwọn èèyàn máa ń gbàgbé: ẹ̀dùn ọkàn ẹni tó mọ ohun tó tọ́ láti ṣe àmọ́ tí ọ̀nà ò sí fún un láti ṣe é. Andrew Jameton ṣàlàyé rẹ̀ nípa àwọn nọ́ọ̀sì lọ́dún 1984. Nọ́ọ̀sì mọ̀ pé ó yẹ kóun yí aláìsàn tí kò lè dìde padà ní wákàtí méjì-méjì kí ara rẹ̀ má bàa bó, àmọ́ òun nìkan ló wà fún gbogbo wọ́ọ̀dù. Nígbà tó máa fi débẹ̀, ẹ̀yìn ti pupa. Ẹ lè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìsinmi oṣù kan, bó bá padà dé tí nǹkan ò yí padà, ohun kan náà ló máa bá níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ èyí tó ń ṣe é, kó bi ara rẹ̀ pé: bí wọ́n bá gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan, tí mo sì sùn dáadáa, kí ló máa ṣẹ́ kù? Wọ́n lè pa pọ̀ ṣeni o. Oorun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí àìsùntó máa ń fara jọ gbogbo àwọn tó kù.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù
Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ oorun yẹn sọ, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ pọ̀ sí.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ òru máa bẹ̀rẹ̀, kí èèyàn sùn ní ọ̀sán fún nǹkan bíi wákàtí kan àtààbọ̀. Lóru, bí ààyè bá wà, kó rẹjú fún 20 ìṣẹ́jú, kó sì fi aago sí i. Bó bá ti kọjá 30 ìṣẹ́jú, oorun ti wọra, ojú á sì wúwo tó bá jí. Lẹ́yìn tó bá jí, kó tó ìṣẹ́jú 15 kó tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ tàbí kó ṣírò ìwọ̀n oògùn.

Láti aago 3 sí aago 6 ìdájí ni ara máa ń rẹlẹ̀ jù. Oògùn tí ìṣírò rẹ̀ bá díjú, kí èèyàn méjì yẹ̀ ẹ́ wò, kódà bí ìlànà wọ́ọ̀dù ò bá sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti fi wé ara wọn: ẹni tó ti lajú sílẹ̀ fún wákàtí 17, bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ fara jọ ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ lọ sílé.

Tílẹ̀ bá mọ́, kó wọ awò dúdú kí oòrùn má bàa lé oorun lọ, kó mú kí yàrá ṣókùnkùn, kó pa ohùn fóònù, kó sì sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Lẹ́yìn òru tó kẹ́yìn nìkan ni kó sùn ráńpẹ́, bíi wákàtí kan àtààbọ̀ sí mẹ́ta, kó dìde, kó sì tètè sùn lálẹ́. Ìyẹn ló máa dá a padà sí ọ̀sán.

Ohun tó sábà máa ń ba gbogbo èyí jẹ́ kì í ṣe ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà ló ti ń wá. Ọ̀gá á pe ìpàdé dandan sí aago 10 àárọ̀, á sì ní káwọn tó ṣiṣẹ́ òru dúró. Ìpàdé wákàtí kan gba oorun ọjọ́ kan nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ rósítà, ẹ má jẹ́ kí òru kọjá mẹ́ta léraléra bí agbára yín bá ká a. Ẹ jẹ́ kó máa yí síwájú: àárọ̀, lẹ́yìn náà ọ̀sán, lẹ́yìn náà òru. Àyípo tó ń padà sẹ́yìn máa ń da ara láàmú. Kí wákàtí 11 ó kéré tán wà láàárín iṣẹ́ kan àti èkejì. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ọdún 2003 sọ bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó jẹ́ dìgbà tí òfin bá sọ ọ́.

Apoògùn
Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kọfí àti oògùn oorun kún un.

Ó máa ń gba ara tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kó tó lè mú ìdajì kaféènì kúrò. Ẹni tó mu kọfí ní aago 4 ìdájí, ìdajì rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ ní aago 9 àárọ̀ tó fẹ́ sùn. Kí kọfí parí ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú oorun. Bó bá wulẹ̀ pọn dandan, kó mu ún níbẹ̀rẹ̀ òru, díẹ̀díẹ̀.

Ọtí ńkọ́? Ó ń tètè gbéni sùn lóòótọ́, àmọ́ ìdajì kejì oorun ló máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ẹni náà á jí, àárẹ̀ á sì ju ti àná lọ.

Oògùn oorun ni kẹ́ ẹ fetí sí jù. Ọwọ́ àwa òṣìṣẹ́ ìlera ló wà, ibẹ̀ sì ni ewu náà wà. Diazepam kì í tètè kúrò lára. Ohun tí ara ń sọ ọ́ dà lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí náà èyí tó lò ní àárọ̀ lè máa kùn ún lóorun lẹ́nu iṣẹ́ lóru. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ara lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbára lé irú oògùn bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ oògùn fún ara rẹ̀, kó má sì ní kí ọ̀rẹ́ bá òun kọ ọ́ lójú ọ̀nà. Ẹni tó ń kọ oògùn fún ara rẹ̀ kì í bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí dókítà míì máa bi í.

Bí dókítà bá sì kọ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn fúnni, kí èèyàn mọ̀ pé ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ìyàtọ̀ tó hàn. Inú rírìn lè yọjú ṣáájú ìwòsàn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń jù ú nù. Bí ara bá ti yá, wọ́n ṣì máa ń lò ó nìṣó fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń dín in kù. Wọn kì í já a lójijì.

Olùṣọ́_Òru
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè mìíì: bí ikú òjijì bá ṣẹlẹ̀ ní wọ́ọ̀dù, bóyá ọmọdé, tàbí bí ẹnì kan bá ṣèèṣì fún aláìsàn ní oògùn tí kò yẹ, àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń kó gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ jọ lọ́jọ́ náà, kí kálukú sọ ohun tó rí àti bó ṣe rí lára rẹ̀. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Onímọ̀_Ọkàn
Rárá, bó bá jẹ́ dandan. Nígbà tí Cochrane, àjọ tó máa ń kó ìwádìí nípa ìlera jọ yẹ̀ wò, gbé àwọn ìwádìí tó wà lórí irú ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò lọ́dún 2002, wọn ò rí i pé ó ń dènà àìsàn tí ìpayà ń fà. Ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí náà tiẹ̀ fi hàn pé ó lè dá kún un. Ẹ rò ó wò: ara ẹni náà ṣì ń gbọ̀n, ẹ sì ní kó tún fi ẹnu ara rẹ̀ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níwájú ọ̀gá rẹ̀.

Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde lọ́dún 2011 fún ìrànwọ́ àkọ́kọ́ rọrùn: wò ó, gbọ́ ọ, so ó pọ̀ mọ́ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ mú un kúrò ní wọ́ọ̀dù fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fún un ní omi àti ìjókòó. Ẹ bi í pé, "Kí lo nílò báyìí? Ta ni ká pè fún ọ?" Ẹ má bi í pé, "Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀?" Bó bá fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ẹ fetí sílẹ̀, ẹ má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ti ẹni tó ṣàṣìṣe, ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbẹgẹ́. Lọ́dún 2000 ni Albert Wu kọ̀wé pé lẹ́yìn aláìsàn, òṣìṣẹ́ náà ni ẹnì kejì tí ọ̀ràn náà ń pa lára. Kó kọ aago àti ìwọ̀n oògùn sínú ìwé aláìsàn lójú ẹsẹ̀, torí ìyẹn ṣe pàtàkì fún ìtọ́jú. Àmọ́ ìwé àlàyé gígùn tí ilé ìwòsàn fẹ́ kó kọ, kó má kọ ọ́ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n. Kí wọ́n gba àwọn aláìsàn tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìyókù ọjọ́ náà. Kí ẹnì kan sìn ín délé.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe àrùn bó bá ń rí i lójú àlá tàbí tó ń ta gìrì. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Bó bá ti lé ní oṣù kan tí kò dín kù, tó sì ti ń yẹ wọ́ọ̀dù tàbí iyàrá tó ti ṣẹlẹ̀, ó yẹ kó rí onímọ̀ tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ìpayà. Ìtọ́jú tó gbéṣẹ́ wà fún un.

Agbẹ̀bí_Àgbà
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ẹ má jẹ́ ká da ìyẹn pọ̀ mọ́ ìjókòó kúkúrú nípa iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ìyẹn wúlò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lórí ìdúró, káwọn èèyàn tó tú ká. Kó má jẹ́ ẹni tó darí ìtọ́jú náà ló máa darí ọ̀rọ̀. Ìbéèrè mẹ́rin péré: Kí ló ṣẹlẹ̀, ní gbólóhùn kan? Kí ló lọ dáadáa? Kí ló dí wa lọ́wọ́? Ta ló fẹ́ kí ẹlòmíì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun ní báyìí? Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ̀rọ̀, kó dákẹ́.

Ìbéèrè kẹta ló ń so èso jù. Ibẹ̀ ló ti máa ń hàn pé ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kó tó dé, tàbí pé àpò tí wọ́n fi ń fẹ́ èémí sí ọmọ tuntun kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ẹni tó ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi á rí i pé kì í ṣe ọwọ́ òun nìkan. Àmọ́ bí ọ̀gá bá fi ìjókòó náà wá ẹni tó jẹ̀bi lẹ́ẹ̀kan péré, kò sẹ́ni tó máa lanu níbẹ̀ mọ́.

Kí ẹnì kan pe olúkúlùkù ní ọjọ́ kẹta, kó tún pè é lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ náà gan-an, gbogbo èèyàn ló máa ń sọ pé "ara mi le."

Bí ilé ìwòsàn bá fẹ́ ohun tó máa wà pẹ́ títí, Schwartz Rounds wà. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Boston lọ́dún 1997, lórúkọ Kenneth Schwartz, aláìsàn tó kú lọ́dún 1995 tó sì kọ̀wé nípa bí àánú àwọn tó tọ́jú rẹ̀ ṣe gbé e ró. Wákàtí kan lóṣù. Àwọn mélòó kan á kọ́kọ́ sọ bí ìtọ́jú kan ṣe rí lára wọn, àwọn tó kù á sì dá sí i. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń yanjú ìṣòro aláìsàn. Ẹni tó ń nu ilẹ̀ àti ẹni tó ń kọ káàdì lẹ́tọ̀ọ́ síbẹ̀ bíi dókítà.

Oníṣẹ́_Abẹ
Ẹ má bínú o, àmọ́ mo ń ṣọ́ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń lọ. Ẹ ò lè fi ìjókòó àti oorun wo wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú èèyàn ọgbọ̀n. Àwọn aláṣẹ máa ń fẹ́ràn ẹ̀kọ́ nípa ìfọkànbalẹ̀ torí pé kò ná wọn ní nǹkan kan. Wọ́n á tún wá fi sí àkókò oúnjẹ ọ̀sán.

Ẹ̀kẹrin tí Onímọ̀_Ọkàn mẹ́nu bà yẹn, ìwé ló ń wò ó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, aago, iye aláìsàn, iye òṣìṣẹ́, ohun tí kò ṣeé ṣe, ohun tó tìdí rẹ̀ yọ, ẹni tẹ́ ẹ sọ ọ́ fún àti aago tẹ́ ẹ sọ ọ́. Ojú ìwé kan tó. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà, àmọ́ ẹ má kọ orúkọ aláìsàn sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Kí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta fọwọ́ sí i, torí ìwé ẹnì kan ṣoṣo máa ń dà bí ẹjọ́ aláròyé. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ kó wọn jọ, kẹ́ ẹ sì béèrè nǹkan kan ṣoṣo. "Ẹ fún wa ní ẹni tó máa dáhùn fóònù láàárín aago 7 sí 10 àárọ̀" ṣeé fọwọ́ sí lónìí. "Ẹ mú kí ara tu òṣìṣẹ́" kò ṣeé fọwọ́ sí láé.

Bí wọ́n bá sọ pé ìmọtara-ẹni-nìkan ni, Ìkéde Geneva tí àwọn dókítà àgbáyé tún ṣe lọ́dún 2017 wà níbẹ̀: dókítà ń jẹ́jẹ̀ẹ́ níbẹ̀ pé òun máa bójú tó ìlera ara òun kóun lè ṣe ìtọ́jú tó dára jù lọ.

Ìyá_Wọ́ọ̀dù
Òótọ́ lẹ sọ, ẹ̀gbọ́n. Síbẹ̀, títí ẹni tó máa dáhùn fóònù á fi dé, òṣìṣẹ́ kan wà tí àyà rẹ̀ ń já báyìí. Ẹ jẹ́ ká fún un ní nǹkan. Kó fi imú fa èémí fún ìṣẹ́jú àáyá 5, kó fi 5 tú u síta. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ní ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Kó ṣe é fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, ó ń fà á jinlẹ̀ jù. Kó fà á níwọ̀nba. Kó fi dánra wò nígbà tí ọkàn bá balẹ̀, torí ohun tí ara kò tíì mọ̀ kì í ṣiṣẹ́ nígbà ìjàǹbá.

Kó tún ní ohun kan tó fi ń pa ilẹ̀kùn iṣẹ́ dé. Kó tó bọ́ aṣọ iṣẹ́, kó wo ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i bóyá ohun kan ṣẹ́ kù tí kò tíì fi lé ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́. "Ṣé mo sọ nípa pọ̀táṣíọ̀mù yẹn?" ló ń jí ọ̀pọ̀ lójú oorun. Kó sì pa ohùn ẹgbẹ́ WhatsApp wọ́ọ̀dù. Bí nǹkan bá le, kí wọ́n pè é.

Adúróti
Ẹ̀rù tó ń ba ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé báwọn bá lọ rí dókítà ọpọlọ, wọ́n á gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Kí lẹ rí sọ sí i?

Onímọ̀_Ọkàn
Òfin yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíì, nítorí náà kí èèyàn ka fọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ kó tó fẹ̀rù pa ara rẹ̀. "Ṣé àìsàn kan ń dí ọ lọ́wọ́ iṣẹ́ báyìí?" yàtọ̀ sí "Ṣé o ti gba ìtọ́jú rí?" Ọ̀pọ̀ ló ń dáhùn èkejì nígbà tó jẹ́ pé àkọ́kọ́ ni wọ́n béèrè. Kó lo dókítà tí kì í ṣe ti ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, kó sì béèrè níbẹ̀rẹ̀ pé: kí lẹ máa kọ sílẹ̀, ta ló sì lè rí i?

Kó tó lọ, ó lè fi PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wọn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, yẹ ara rẹ̀ wò. Ìbéèrè 9 lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan láti 0 sí 3. 27 ni gbogbo rẹ̀. 5 sí 9, ó fúyẹ́. Kó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Láti 10 lọ, kó rí dókítà. Láti 20, ó ti le gan-an. Ìbéèrè kẹsàn-án dá yàtọ̀: ó dá lórí èrò pé ó sàn kéèyàn kú tàbí kó pa ara rẹ̀ lára. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá ti kọjá 0, ẹ má wo àròpọ̀ mọ́. Kó bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Olùṣọ́_Òru
Bó bá wá jẹ́ alábàáṣiṣẹ́ ẹni ló ní irú èrò bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Báwo lèèyàn ṣe máa bi í láìba nǹkan jẹ́?

Onímọ̀_Ọkàn
Ní ibi tí ẹlòmíì ò sí, kẹ́ ẹ sì jókòó. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fojú rí: "Mo rí i pé láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan o kì í bá wa jẹun mọ́, o sì sọ lánàá pé gbogbo rẹ̀ ti sú ọ." Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ní tààràtà: "Ṣé o ti ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ?" Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ẹnikẹ́ni lórí, ó sábà máa ń fúyẹ́ lára ẹni tó ti ń dá a gbé. Ẹ má sọ pé "Ìwọ tí Ọlọ́run ṣe báyìí." Ẹ má ṣèlérí pé ẹ ò ní sọ fún ẹnì kankan. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bi í bóyá ó ti mọ bó ṣe máa ṣe é àti ìgbà wo. Bó bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ pe ìrànwọ́ pàjáwìrì, kẹ́ ẹ sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí wọ́n á fi dé.

Apoògùn
Ní ọjọ́ yẹn kan náà, kí ọ̀gá wọ́ọ̀dù gba kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn lọ́wọ́ rẹ̀. Kó yí i padà nínú rósítà bí ìgbà tó ń ṣe ti gbogbo èèyàn, láìkéde ìdí. Kí ẹni tó sìn ín lọ sílé bi í, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bóyá oògùn kankan wà nílé, kó sì bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kóun bá a tọ́jú rẹ̀ fúngbà díẹ̀.